Ọdún Tí Kọ̀ǹpútà Jí Sí

Kọ̀ǹpútà ilé yìnyín Alàájà Sàláwátù, létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́,
dàgbà ju àbúrò mi lọ.
Ìrì ọ̀sà ti jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dípẹtà,
bọ́tìnì rẹ̀ ti já, ìdí ṣíbí la fi ń tẹ̀ ẹ́.
Línúsì ló wà nínú rẹ̀. Ẹrù mìíràn wúwo jù fún arúgbó.

Inú rẹ̀ ni àwìn àwọn apẹja wà:
ẹni tó gba yìnyín agbọ̀n méjì,
ẹni tó ní òun á san bí ẹja bá wọlé,
ẹni tí ẹja ti wọlé fún
tí kò sì gba ojú ọ̀nà wa kọjá mọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú mo tàn án.
Ọ̀rọ̀ ń sáré lójú dúdú rẹ̀,
ó dáa, ó dáa, ó dáa, ní àwọ̀ ewé,
títí ó fi kan iṣẹ́ tó ń ṣí ìwé gbèsè.
Ibẹ̀ ló ti pọ́n: ó kùnà.
Àwọn apẹja ti tò sẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kùnà.

Mo pa á, mo tún tàn án.
Mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, aáyán méjì sá jáde.
Mo fi írésà ọmọ iléèwé nu eyín àwo ìrántí rẹ̀.
Mo ṣàdúà.
Ó kùnà.

Ọjọ́bọ̀ dé, kò kùnà.
N kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó kàn jí, ó ń ṣiṣẹ́,
ojú tì mí ju ti àná lọ.
Jímọ̀, ó tún pọ́n.

Ìgbà náà ni mo tó jókòó ka ohun tó ń kọ nípa ara rẹ̀.
Kì í parọ́; àwa la kì í bi í.
Ó kọ ọ́ síbẹ̀: ìwé yìí ti ọ̀la wá, mi ò lè ṣí i.
Mo wo ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà.
Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2009.

Háà.
Mo bi Àgbà Sùfíánù, ọlọ́dẹ wa,
òru wo ni Nẹ́pà mú iná lọ lọ́sẹ̀ yìí.
Ó fi ìka kà á: òru tó mọ́ sí Ọjọ́rú,
àti èyí tó mọ́ sí òní.

Bátìrì kan wà nínú rẹ̀, roboto bíi kọ́bọ̀ àtijọ́,
òun ló ń bá a ka ọjọ́ nínú òkùnkùn.
Ó ti kú.
Bí iná bá ti lọ, arúgbó á gbàgbé,
á jí sí ọdún tí wọ́n bí i,
wọ́n á gbé gbèsè wa síwájú rẹ̀, á ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ tún ọjọ́ náà ṣe. Alàájà wà lẹ́yìn mi, n kò mọ̀.
"Ọdún wo lo ní ó wà?"
Mo sọ fún un.
"Bàbá Mùtíátù ṣì ń wa ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀jìnrìn nígbà yẹn."
Ó fa àga. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀."

Mo gbọ́wọ́ kúrò.
A jókòó, èmi, òun, àti ọdún 2009,
yìnyín ń yọ́ lẹ́yìn wa, tó, tó, tó.
Nígbà tó yá ó dìde.
"Ó tó. Ẹja àwọn èèyàn ń bàjẹ́."

Ẹgbẹ̀rin náírà ni bátìrì tuntun, lọ́wọ́ onísọ-aago ní Ayétòrò.
Mo sì kọ ìlà kan fún iṣẹ́ tó ń ṣíwèé:
dúró kí aago kọ́kọ́ jí.
Má ṣáájú ọjọ́.

Lóru Sátidé iná lọ. Mi ò sùn dáadáa.
Ní ìdájí mo fi ìdí ṣíbí tẹ̀ ẹ́.
Ó dáa, ó dáa, ó dáa,
pupa kò yọjú.
Kàmọ́rù ló kọ́kọ́ wọlé. Agbọ̀n mẹ́ta.
"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní, kò tilẹ̀ wojú mi.
Mo kọ ọ́, sí ọjọ́ òní gan-an.